Bí A Ti Í Rí Ohun Tí Ó Sọnù Nínú Fúláàṣì Gbà Padà

Àwọn àgbà a máa wí pé abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ fúláàṣì tí a ń lò mọ́ ara kọ̀ǹpútà rí. Kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. A lè so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, a sì lè jù ú sínú àpò ẹ̀wù. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì a máa fi í gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù a máa tọ́jú ìṣirò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ gba ohùn ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀, níbi tí ó gbé ń ki oríkì ìdílé wọn, lè ti kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Bí ìyá náà bá sì ti papò dà, kò sí ẹni tí a ó tún bẹ̀ pé kí ó kì í lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ki fúláàṣì bọ ara kọ̀ǹpútà, tí kò sì bá ohun tí ó fi pamọ́ níbẹ̀ mọ́, àyà rẹ̀ a já. Ohun tí ó ń ṣe ní wákàtí tí àyà rẹ̀ já yìí gan-an ni ó sì sábà ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí ó sọnù nínú fúláàṣì kì í sábà parun lójú ẹsẹ̀. Ìwàǹwára ẹni tí ó ni ín ni ó ń pa á run. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí n sì sọ ọ̀nà tí a lè gbà wá ohun náà rí.

Kí a tó lè wá nǹkan tí ó sọnù, ó yẹ kí a mọ irú ibi tí ó wà kí ó tó sọnù. Ará Jàpáànì kan tí ń jẹ́ Fujio Masuoka, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Toshiba nígbà náà, ni ó ṣe irú ohun ìpamọ́ yìí. Ní ọdún 1984 ni ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan, Shoji Ariizumi, ni ó dábàá pé kí a máa pè é ní flash. Ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà láti ara ẹ̀rọ ayàwòrán ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, nítorí pé bí a ti ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jọ ìkọmànà bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ Trek ní Singapore àti ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà. Èyí tí IBM kọ́kọ́ tà kò gbà ju mẹ́gábáìtì 8 lọ. Fúláàṣì gígábáìtì 64, tí kò ṣọ̀wọ́n ní ọjà wa lónìí, gba ìlọ́po 8,000 irú rẹ̀.

Nínú fúláàṣì, kò sí ohun kan tí ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tí ó wà níbẹ̀ dà bí ìkòkò iná kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ. Bí iná bá wà nínú ọ̀kan, ó ní ìtumọ̀ kan. Bí ó bá ṣófo, ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Èyí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀, láti inú èyí sì ni 256 odù Ifá ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni báìtì kan ṣe ní àmì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún tàbí tí ó ṣófo, tí ó sì lè dúró fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 256. Nípa títo irú àmì bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn mọ́. Ìbòrí kan wà lára ìkòkò náà tí kì í jẹ́ kí iná inú rẹ̀ jò, àní nígbà tí a bá yọ fúláàṣì kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ tí a sì tún kọ òmíràn sí i ni ìbòrí yìí ń gbó díẹ̀díẹ̀. Fúláàṣì kì í ṣe òkúta. Ó ní ọjọ́ ogbó tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi fúláàṣì wé ilé ńlá kan tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá. Onílé ní ìwé kan lọ́wọ́, nínú èyí tí ó kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sí àti nọ́ńbà yàrá tí olúkúlùkù ń gbé. Fáìlì ni ayálégbé. Fáìlì kékeré lè gba yàrá kan ṣoṣo. Fáìlì ńlá lè gba ẹgbẹ̀rún, kò sì di dandan kí àwọn yàrá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì kan fún wa, kì í máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ìwé onílé ni ó ń wò, ibi tí ìwé náà bá sì darí rẹ̀ sí ni ó ń lọ.

Bí a bá wá pa fáìlì kan rẹ́ ńkọ́? A lè rò pé onílé a lọ sí yàrá náà, a kó ẹrù jáde, a sì gbá ilẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ètò tí a ń pè ní FAT32, èyí tí ó wà nínú fúláàṣì púpọ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé yóò fi àmì kan rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ fáìlì náà, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá bí ó ti wà. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ohun tí ó lè pa á run ni kí ayálégbé tuntun dé. Bí a bá kó fáìlì mìíràn sínú fúláàṣì náà, onílé yóò wo ìwé rẹ̀, yóò rí i pé yàrá kan ṣófo, yóò sì fi àlejò wọ̀ ọ́. Nígbà náà ni ẹrù àtijọ́ parun ní tòótọ́, kò sì sí ọlọ́gbọ́n ayé tí ó lè rí i kó jọ mọ́.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti rí òfin kìíní, èyí tí ó ju gbogbo ìyókù lọ: ní kété tí a bá mọ̀ pé nǹkan ti sọnù, kí a dáwọ́ dúró. A kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun sínú fúláàṣì náà mọ́, ìbáà ṣe àwòrán kan ṣoṣo. A kò gbọdọ̀ fi gba orin. A kò tilẹ̀ gbọdọ̀ kó ètò tí a fẹ́ fi wá fáìlì náà sínú rẹ̀, nítorí pé ètò náà lè lọ jókòó lórí ohun tí a ń fi í wá. Kí a yọ fúláàṣì náà, kí a fi í sí ibi tí kò ní sọnù, kí a sì fara balẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn èyí, kí a wádìí irú àdánù tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé oògùn inú rírun kọ́ ni a fi ń wo ẹsẹ̀ tí ó dá.

Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì rẹ́. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà a máa kó o sínú agbọ̀n kan, níbi tí a ti lè mú un padà. Ohun tí a pa rẹ́ lára fúláàṣì kì í sábà lọ sínú agbọ̀n yìí. Ẹni tí kò mọ̀ lè wo inú agbọ̀n náà, kí ó sì rò pé kò sí ìrètí mọ́. Ìrètí wà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé.

Ọ̀nà kejì ni kí ìwé onílé ya. Èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fa fúláàṣì yọ tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ̀wé sínú rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí iná bá lọ lójijì. Onílé ń kọ orúkọ lọ́wọ́, a já ìwé gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá tún ki irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a máa sọ pé àfi kí a ṣe format rẹ̀ kí a tó lè lò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tí ó bá gbà ti gbà pé kí onílé ju ìwé tí ó ya nù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kí a kọ̀ fún un. Bí a bá sì ti ṣèèṣì gbà, bí ó bá jẹ́ format oníkíákíá ni, ẹrù lè ṣì wà nínú àwọn yàrá. Ṣùgbọ́n format tí ó gùn, ní orí kọ̀ǹpútà Windows ti òde òní, a máa pa gbogbo yàrá rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn búburú, tí wọ́n ń ṣe ètò apanilára tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Fúláàṣì tí a bá kì bọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò lè kó o bí ọmọdé ti ń kó èkúrú lára ọmọ mìíràn. Irú kan wà tí ó máa ń fi gbogbo fáìlì pamọ́, tí yóò wá gbé àwòrán kéékèèké tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn síbẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ àwòrán yìí kò ṣí fáìlì rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ó jí. Ohun ìtùnú ni pé fáìlì kò sọnù rárá nínú irú ọ̀ràn yìí, a kàn da aṣọ bò ó ni. Kí a kọ́kọ́ fi ètò apa-fáírọ́ọ̀sì fọ kọ̀ǹpútà àti fúláàṣì mọ́, kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ètò náà má baà pa fáìlì tiwa mọ́ ọn; lẹ́yìn náà, kí a ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn fáìlì tí ó pamọ́ hàn. Àṣẹ kan tí ń jẹ́ attrib wà nínú Windows tí a fi ń ṣí aṣọ náà kúrò lórí wọn.

Bí àdánù bá jẹ́ ti ọ̀nà kìíní tàbí ìkejì, iṣẹ́ tí ó kàn ni kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo fúláàṣì náà, yàrá dé yàrá, àti èyí tí ó kún àti èyí tí a sọ pé ó ṣófo, kí a sì fi ẹ̀dà yìí sínú kọ̀ǹpútà. Orí ẹ̀dà ni kí a ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò, kí a má ṣe fọwọ́ kan ojúlówó mọ́. Bí a bá ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀dà, a ó tún òmíràn ṣe. Bí fúláàṣì bá ti gbó, tí ó ń kọsẹ̀ bí a ti ń kà á, ètò kan tí ń jẹ́ ddrescue wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ibi tí ó bá rọrùn láti kà ni yóò kọ́kọ́ kó tán, kí ó tó padà wá sí ibi tí ó le, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí òjò ń bọ̀ wá bá lóko, tí ó yára ká ìlà tí kò ní koríko kí ó tó wọ inú igbó.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ètò awáfáìlì wá inú ẹ̀dà náà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Christophe Grenier, ṣe méjì tí a kì í san owó fún. TestDisk ni èkínní: ó máa ń gbìyànjú láti tún ìwé onílé tí ó ya tò. PhotoRec ni èkejì, iṣẹ́ tirẹ̀ sì yani lẹ́nu. Kì í wo ìwé onílé rárá. Ń ṣe ni ó ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wo ojú ẹni tí ó bá níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, a lè rí àbàjà tàbí pélé lójú ènìyàn, kí a sì mọ ibi tí ó ti wá kí ó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni irú fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ní ilà tirẹ̀ ní iwájú orí. Fáìlì PDF a máa fi ìpín %PDF bẹ̀rẹ̀; àwòrán JPEG náà ní báìtì tí gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilà yìí ni PhotoRec fi ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn mọ́, nọ́ńbà ni ó ń fún wọn. Ẹni tí ó ni wọ́n ni yóò jókòó, tí yóò máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa sọ wọ́n ní orúkọ. Bí yàrá fáìlì ńlá kan bá sì jìnnà sí ara wọn, ó lè jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni a ó rí. Ohun tí a bá rí, inú kọ̀ǹpútà ni kí a kó o sí, kì í ṣe inú fúláàṣì tí a ti ń wá a.

Ọ̀nà kẹrin ni kí fúláàṣì fúnra rẹ̀ fọ́, kí ẹnu rẹ̀ wọ́, tàbí kí ó kó sómi. Ètò kọ̀ǹpútà kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí. Bí ó bá tutù, a kò gbọdọ̀ kì í bọ kọ̀ǹpútà títí yóò fi gbẹ pátápátá. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, kí a má ṣe máa fi ọwọ́ mì í sọ́tùn-ún sósì pé bóyá yóò ṣiṣẹ́, nítorí pé èyí lè ya ohun tí kò tíì ya. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ni ó wà ní ẹnu fúláàṣì irú ti àtijọ́: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá já, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè fi òjé jó o pọ̀, kí a lè ráyè kó ohun inú rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn lè yọ ìkòkò ìpamọ́ inú rẹ̀ kúrò láti fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ kà á, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Kí a béèrè iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a má sì ṣe gbé e fún ẹni tí ó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Bí ìkòkò ìpamọ́ náà bá ti là sí méjì, ó ti parí.

Àdánù kan tún wà tí kò ní oògùn. Àwọn oníjìbìtì a máa ta fúláàṣì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára, tí inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fúláàṣì bẹ́ẹ̀ a máa gba ohun gbogbo tí a bá kó fún un, bí ẹni tí ń gba ẹrù ní ẹnu ọ̀nà tí ó sì ń jù ú sí kòtò lẹ́yìn ilé. A kò lè rí ohun tí a kò fi pamọ́ rí gbà padà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a bá ra fúláàṣì, kí a dán an wò pẹ̀lú ètò bí H2testw tàbí F3, tí yóò kún un dé ẹnu, tí yóò sì tún kà á láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Kí a sì ro ọ̀rọ̀ yìí sí apá kejì. Bí ohun tí a pa rẹ́ kò bá parun, ẹlòmíràn náà lè wá a rí. Ẹni tí ó fẹ́ fi fúláàṣì rẹ̀ tọrẹ, tí ìwé ìfowópamọ́ tàbí àwòrán ìkọ̀kọ̀ sì ti wà níbẹ̀ rí, kí ó má ṣe rò pé pípa rẹ́ lásán ti tó. Kí ó ṣe format tí ó gùn, tàbí kí ó má fi í tọrẹ rárá.

Ṣùgbọ́n wíwá kò dára tó kí ó má sọnù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìpamọ́ a máa sọ pé kí ohun iyebíye ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì wà ní ibòmíràn tí ó jìnnà sí ilé, kí iná tàbí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí lè jẹ́ kọ̀ǹpútà kan, fúláàṣì kan, àti ẹ̀dà kan tí ó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè tẹ ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé ní òpin oṣù. Kí a má ṣe máa ṣiṣẹ́ tààrà lórí fúláàṣì. Inú kọ̀ǹpútà ni kí a ti ṣe é, kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí a bá sì fẹ́ yọ ọ́, kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kí onílé lè pa ìwé rẹ̀ dé.

Fúláàṣì jẹ́ ẹrú tí ń gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn; kì í ṣe àká tí a ń kó irè ọdún mẹ́wàá sí. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò rìn lọ láìfòyà. Ẹni tí àdánù bá sì bá, kí ó rántí pé ẹrù lè ṣì wà nínú yàrá, bí kò bá ti jẹ́ kí àlejò wọ ibẹ̀. Ohùn ìyá àgbà lè ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń ki oríkì, tí ó ń dúró de ọmọ tí yóò ní sùúrù láti wá a.